Iyè Tí Ó Pín sí Méjì: Ìrántí àti Àìdánilójú nínú Iṣẹ́ Ọnà Òde-Òní ní Alímọ̀ṣọ́ àti Agbègbè Rẹ̀

Iyè ni Yorùbá ń pe ibi tí ọmọ ènìyàn ń tọ́jú ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ sí. Ẹni tí iyè rẹ̀ ṣí kì í tètè gbàgbé. Ẹni tí ó bá ń gbàgbé ni wọ́n ń se ìsọ̀yè fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí iyè kan náà bá pín sí ọ̀nà méjì, iyèméjì ni ó dé. Nínú èdè náà, iyèméjì kì í ṣe àlejò tí ó ti ìta wá bá ìrántí jà. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń gbé. Ìdánilójú ni ó dojú kọ iyèméjì, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ní iyè nínú rárá: ojú ni ó gbé e dání. Ohun tí ojú bá rí ni ó ń dá ni lójú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó gbé jáde ní ọdún 2001, tú ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" sí ohun tí ènìyàn ń wò láti fi rántí. Àwọn onímọ̀ ìhun ọ̀rọ̀ lè jiyàn lórí bí ó ṣe tú u, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti jiyàn pé kì í ṣe ojú àti ìrántí ni iṣẹ́ ọnà Yorùbá dúró lé láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ó ṣòro jù ni láti mọ ohun tí ó kù fún oníṣẹ́ ọnà láti ṣe nígbà tí ojú ti rí, tí iyè sì pín sí méjì síbẹ̀.

Ìbéèrè yìí kò le níbòmíràn tó bí ó ti le ní Alímọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú tí ó bá a pààlà. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, tí Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá, Ìgàndò, Ìpájà, Ìdímù àti Abúlé Ẹ̀gbá wà nínú rẹ̀, ni ènìyàn pọ̀ sí jù lọ nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó. Iye ènìyàn náà gan-an ni wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 1.2 ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀, ó sì rí ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 2. Fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà, mílíọ̀nù 9 ni àjọ àpapọ̀ rí, mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀ ni ìpínlẹ̀ rí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìṣirò méjèèjì ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan tó ènìyàn tí ń gbé odidi ìlú ńlá. Níbi tí àwọn aláṣẹ kò ti lè fohùn ṣọ̀kan lórí iye àwọn alààyè, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí iye àwọn òkú.

Àwọn abúlé Àwórì àti Ẹ̀gbá ni ọ̀pọ̀ àdúgbò wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Orúkọ Abúlé Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀ ṣì ń sọ ìtàn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí oko níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ há ní Èkó, tí owó ilé sì gun òkè ní Mushin, Súúrùlérè àti Ìkẹjà, ìhín ni àwọn òṣìṣẹ́, oníṣòwò àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèríko dé wá ra ilẹ̀ tàbí háyà yàrá. Abẹ́ ilẹ̀ kan náà ni ọ̀pá epo tí ń gbé bẹntiróòlù láti etí òkun lọ sí àwọn ibùdó epo gbà kọjá. Ilé ń sún mọ́ ọ̀pá, ọ̀pá kò sì lè sún.

Ní òru ọjọ́ tí ó tẹ̀lé ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2006, àwọn kan lu ọ̀pá náà ní Abúlé Ẹ̀gbá láti fa epo. Epo ṣọ̀wọ́n ní Èkó lásìkò ọdún náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tàn ká pé epo ń ṣàn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ará àdúgbò gbé kẹ́ẹ̀gì, bókẹ́ẹ̀tì àti agolo jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, iná sọ. Ẹgbẹ́ Red Cross sọ pé àwọn òkú tí wọ́n kà lé ní 260. Àwọn ìròyìn mìíràn gbé e dé 500. Kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà mọ̀ dájú, nítorí pé ọ̀pọ̀ òkú ni iná jó kọjá ohun tí ìyá lè dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀. Ibojì àpapọ̀ ni wọ́n sin púpọ̀ nínú wọn sí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ó sàn kí ọmọ ẹni kú ju kí ó nù lọ. Òwe líle ni, àwọn ènìyàn sì sábà máa ń pa á láìrò ó jinlẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìbànújẹ́ tí ó dánilójú ní òpin, ṣùgbọ́n èyí tí iyèméjì wà nínú rẹ̀ kò ní. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ikú àti ìnù wá di ohun kan náà: ẹni tí ó jáde kò padà, kò sì sí òkú tí wọ́n lè nà ìka sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Akintunde Akinleye, tí ó jẹ́ ayafọ́tò fún ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters, dé ibẹ̀. Lára àwọn fọ́tò tí ó yà ni ti ọkùnrin kan tí ó ń fi omi ṣan èéfín àti eérú kúrò lójú ara rẹ̀, tí èéfín sì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún 2007, fọ́tò yìí gba ipò kìn-ín-ní fún àwòrán ìròyìn kan ṣoṣo nínú ìdíje World Press Photo ní Netherlands. Akinleye sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba ẹ̀bùn náà. Láti ìgbà náà ni fọ́tò yìí ti rìn ju ẹnikẹ́ni tí ó wà ní Abúlé Ẹ̀gbá lọ́jọ́ náà lọ. Àkọlé tí ilé iṣẹ́ ìròyìn fi sí i sọ pé ọkùnrin kan ń ṣan ojú ní ibi tí ọ̀pá ti gbiná, nítòsí Èkó. Ọkùnrin náà kò ní orúkọ níbẹ̀. Abúlé Ẹ̀gbá náà kò ní.

Àwọn kan lè sọ pé fọ́tò ìròyìn kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Ìyapa yẹn kò wúlò níhìn-ín. Ẹni tí ó bá wo fọ́tò náà dáadáa yóò rí i pé ohun tí ó mú un yàtọ̀ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò ìjàǹbá ni pé kò fi òkú kankan síwájú. Ẹni tí ó yè ni ó fi hàn, ṣùgbọ́n kò sọ bí ó ṣe yè. Ṣé ó wá pọnmi pa iná ni? Ṣé ó wá gbe epo ni? Ṣé ó ń wá ènìyàn rẹ̀ nínú eérú ni? Ojú rí i, kò sì dáni lójú. Omi tí ó ń bọ́ lójú rẹ̀ lè jẹ́ omi ìwẹ̀nù, ó sì lè jọ omijé lójú ẹni tí ń wò ó. Agbára fọ́tò yìí wà nínú pé kò yanjú ọ̀rọ̀ náà, ó sì jẹ́ kí ẹni tí ń wò ó gbé iyèméjì náà dání lọ sí ilé.

Kí ni Yorùbá ti ń fi fọ́tò ṣe ṣáájú èyí? Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1978, rí ohun kan níbẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn òpìtàn iṣẹ́ ọnà máa rántí. Bí ìbejì kan bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò àwọn méjèèjì, ayafọ́tò yóò ya èyí tí ó kù, yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè dàbí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí ó bá ṣe pé ọkùnrin ni ọ̀kan, obìnrin sì ni èkejì, ọmọ tí ó kù yóò wọ aṣọ ọkùnrin fún fọ́tò kan, yóò sì wọ aṣọ obìnrin fún èkejì. Fọ́tò náà a wá máa ṣe iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Gbogbo ilé mọ̀ pé ẹni kan ni ó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń pe é ní irọ́. Àwòrán tí ó sọ òtítọ́ nípa ìfẹ́, tí kò sì sọ òtítọ́ nípa ohun tí ojú rí: èyí kì í ṣe ohun àjèjì nínú àṣà tí ó bí Akinleye. Bákan náà ni àkó ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère tí ó jọ òkú, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ ní aṣọ olówó iyebíye, tí wọ́n sì ń gbé e yí ìlú ká kí wọ́n tó sin ín. Ère àkó ń mú ìdánilójú wá: ẹ wò ó, òun nìyí, ẹ dágbére fún un.

Kí ló dé tí kò sí irú nǹkan báyìí fún àwọn tí wọ́n kú ní Abúlé Ẹ̀gbá? Ìdáhùn kìíní wà nínú àṣà fúnra rẹ̀. Ìnáwó àti ayẹyẹ wà fún arúgbó tí ó fi ọmọ sáyé lọ. Òkú ọ̀fọ̀ kò ní aṣọ ẹbí, kò ní kàlẹ́ńdà ìrántí, kò ní ọdún kẹwàá. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ dé ibojì. Ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ ọ̀wọ̀ nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ń ránni létí lè dàbí ìkà. Ìdáhùn kejì kò dùn ún gbọ́. Láti ọjọ́ tí iná ti sọ ni àwọn kan ti ń pe àwọn òkú náà ní olè. Àwọn tí wọ́n lu ọ̀pá lóru kò ju ìwọ̀nba lọ. Àwọn tí wọ́n wá gbọ́n epo láàárọ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, àwọn tí wọn kò sì gbọ́n nǹkan kan, tí ilé wọn kàn wà nítòsí, náà kú. Iná kò yan èyí kúrò lára èyí. Nítorí náà, ìdílé kan lè máa ṣọ̀fọ̀, kí ó sì tún máa bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ibi tí ọmọ òun kú sí, wọn yóò bi òun ohun tí ó lọ ṣe níbẹ̀. Ìtìjú ti gba ipò ìrántí. Nínú gbogbo ohun tí ó ń ba iṣẹ́ òpìtàn jẹ́ ní Alímọ̀ṣọ́, bóyá ni èyíkéyìí burú tó o.

Ìjàǹbá míì tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2008, katakátá tí ó ń ṣe ọ̀nà kọ lu ọ̀pá epo ní Ìjẹ̀gùn. Red Cross ní nǹkan bí 100 ènìyàn ni ó kú, àwọn mìíràn fi iye tí kò tó bẹ́ẹ̀ lélẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue Church of All Nations wó ní Ìkòtún, ènìyàn 116 sì kú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa. Ìjọ náà tọ́ka sí ọkọ̀ òfurufú kan tí wọ́n rí lójú ọ̀run ṣáájú. Ìwádìí adájọ́ ní ọdún 2015 sọ pé ìkọ́lé náà ni kò lágbára tó. Fídíò kan náà ni àwọn tí wọ́n gba ìtàn kìíní àti àwọn tí wọ́n gba ìtàn kejì jọ wò. Ojú rí i, síbẹ̀ kò dá wọn lójú bákan náà.

Èyí tí ó tóbi jù nínú ìrántí agbègbè yìí ni ti ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002. Ọjọ́ Àìkú ni. Ilé ìkó-nǹkan-ìjà tí ó wà ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà gbiná, bọ́ǹbù sì ń bú títí di òru. Àwọn ará Èkó kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé ogun ti dé, àwọn mìíràn rò pé sójà ti gba ìjọba. Wọ́n sá nínú òkùnkùn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn sì sá dé odò kànáàlì Òkè-Àfà, ní ààlà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ewéko ti bo ojú omi náà pátápátá tí ó fi dàbí pápá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ilẹ̀. Yorùbá a máa fi ojú oró àti òṣíbàtà ṣe ìwúre, nítorí pé òkè omi ni wọ́n máa ń wà, omi kì í bò wọ́n. Ní òru náà, ẹbí ojú oró ni ó tan ènìyàn dé inú omi. Iye àwọn tí wọ́n kú, nínú bọ́ǹbù àti nínú omi, lé ní 1,000 gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìròyìn ṣe sọ, àwọn ọmọdé ni ó sì pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rì. Ó ju ọjọ́ kan lọ tí àwọn òbí fi ń wá ọmọ káàkiri. Ọwọ̀n ìrántí wà ní Òkè-Àfà, wọ́n sì máa ń gbé òdòdó síbẹ̀ ní àyájọ́ ọjọ́ náà.

Èjìgbò yìí ni wọ́n bí Jelili Atiku sí ní ọdún 1968. Lóòótọ́, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Oshodi-Ìsọlọ̀ ni Èjìgbò wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti Ìkòtún wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsọlọ̀ kò ní í mọ ibi tí Alímọ̀ṣọ́ parí sí. Atiku kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ó sì gba oyè kejì ní Yunifásítì Èkó. Ère gbígbẹ́ wà lára ohun tí ó kọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni ó wá fi ṣe ohun èlò: ó ń wọ agọ̀, ó ń kun ara, ó ń rìn ní ìgboro láàárín ọlọ́kadà, alájàpá àti ọmọ ilé ìwé. Ní ọdún 2009 ó gbé iṣẹ́ kan tí ó pè ní Àgbò Ràgò lọ sí ọjà àgbò ní Èjìgbò nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò háyà gbọ̀ngàn. Àwọn tí wọ́n wá ra àgbò ni ó di òǹwòran rẹ̀, wọn kò sì gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ni ó pè ní Arafẹ́rakù. Gbólóhùn tí àwọn Yorùbá máa ń sọ nígbà ọ̀fọ̀ ni: ara ń fẹ́ra kù, ìyẹn ni pé ẹbí wá ẹbí, kò rí i. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Òkè-Àfà kò ní í gbọ́ orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí àkànlò èdè lásán. Kì í ṣe pé Atiku ní láti dárúkọ kànáàlì náà. Ìlú tí ó ń rìn nínú rẹ̀ ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí a wá ènìyàn kí a má rí i.

Agọ̀ tí ó ń wọ̀ nílò àlàyé díẹ̀. Egúngún jẹ́ òkú tí ó padà wá, gbogbo ọmọ Yorùbá sì mọ̀ pé ènìyàn wà nínú agọ̀. Awo náà kò dá lórí àìmọ̀. Orí àìsọ ni ó dá lé. Obìnrin tí ó mọ bàtà ọkọ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ náà yóò kúnlẹ̀, yóò sì pe é ní bàbá. Àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà òde-òní ní Yúróòpù sábà máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ayé òde-òní ni ó kọ́ oníṣẹ́ ọnà bí a ṣe ń fi iyèméjì ṣiṣẹ́. Àṣejù wà nínú ìyẹn. Egúngún ti ń fi mímọ̀ àti àìmọ̀ sí inú aṣọ kan ṣoṣo kí ẹnikẹ́ni tó dá musíọ́mù sílẹ̀ ní Èkó. Ohun tí Atiku ṣe ni pé ó gba aṣọ náà, ó sì yọ ìran kúrò nínú rẹ̀. Egúngún ilé mọ ẹni tí ó jẹ́ bàbá fún. Agọ̀ Atiku kò mọ̀. Òkú ta ni ó padà wá? Òkú gbogbo ayé ni, èyí sì ni ó ń ba àwọn kan nínú jẹ́, nítorí pé òkú tí kò ní ìdílé kò ní ẹni tí yóò pàṣẹ fún un.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2016, Atiku àti àwọn mélòó kan tò kọ́wọ̀ọ́ rìn ní ìgboro Èjìgbò nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ ní orúkọ Àràgàmàgò, pé yóò gba ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ ìpániláyà. Nínú ìtàn Ifá, Àràgàmàgò ni ẹyẹ Odù, èyí tí agbára rẹ̀ wà nínú igbá. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, àwọn ọlọ́pàá mú un pẹ̀lú àwọn mìíràn, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn pé wọ́n da ìlú rú. Ọdún tí ó ṣáájú, 2015, ni àjọ Prince Claus ní Netherlands fún un ní ẹ̀bùn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà láti ilẹ̀ púpọ̀ gbé ohùn sókè, nígbà tí ó sì yá, kí ọdún 2016 tó parí, wọ́n tú ẹjọ́ náà ká.

Ọ̀pọ̀ ìròyìn tí ó jáde nígbà náà sọ ọ́ di ìjà láàárín òmìnira iṣẹ́ ọnà àti àwọn aláṣẹ. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ìbéèrè tí ilé ẹjọ́ kò lè béèrè ni ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti mú òkú rìn ní ìgboro. Ní ìlú Yorùbá, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni ó ń gbé agọ̀ jáde. Ọjọ́ wà, ìdílé wà, ìlànà wà. Ẹni tí ó bá gbé agọ̀ jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jẹ̀ kò kàn ṣe eré. Ó sọ pé òun náà lè jẹ́rìí fún àwọn òkú. Bí a bá fi ojú àṣà nìkan wò ó, àwọn tí wọ́n bínú ní ìdí. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà kò ní agọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó rì ní Òkè-Àfà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fún ẹni tí iná jó ní Ìjẹ̀gùn. Bí ìdílé kò bá lè gbé wọn, tí ìjọba sì ń jiyàn lórí iye wọn, ẹlòmíràn ni yóò gbé wọn, kò sì ní í bójú mu.

Ní ilẹ̀ mìíràn, irú ìṣòro yìí ti mú irú ìdáhùn kan náà wá. Ní ìlú Buenos Aires ní Argẹntínà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 1983, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn ìyá tí ìjọba ológun gbé ọmọ wọn lọ láìpadà kóra jọ. Ènìyàn kan yóò dùbúlẹ̀ sórí bébà, òmíràn yóò fa ilà yí ara rẹ̀ ká, wọn yóò sì lẹ òjìji náà mọ́ ara ògiri ìlú. Òjìji náà kò ní ojú, kò ní orúkọ nígbà púpọ̀. Gíga rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó dọ́gba pẹ̀lú ènìyàn. Ìyàtọ̀ wà o. Ní Argẹntínà, ẹni kan wà tí wọ́n lè bi pé níbo ni àwọn ọmọ náà wà. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ta ni wọn yóò bi: ẹni tí ó lu ọ̀pá, ẹni tí ó rì í sí abẹ́ ilé ènìyàn, àbí ẹni tí ó jẹ́ kí epo ṣọ̀wọ́n?

Àwọn ilé àfihàn àgbáyé ti wá mọ Atiku dáadáa. Ní ọdún 2017 ó ṣe iṣẹ́ kan ní Venice ní Ítálì, ní àfihàn ńlá tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Mama Say Make I Dey Go, She Dey My Back. Ọdún náà gan-an ni Nàìjíríà kọ́kọ́ ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú Peju Alatise, Victor Ehikhamenor àti Qudus Onikeku. Iṣẹ́ Ehikhamenor tilẹ̀ jẹ́ lórí àwọn oníṣẹ́ ọnà Benin tí a ti gbàgbé. Ní 2018 Atiku darí ọ̀wọ́ ènìyàn ní ìgboro Palermo. Kò sí ọlọ́pàá tí ó mú ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Palermo wò ó, wọ́n sì pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ lè jẹ́ àmì pé iṣẹ́ náà kò kan ẹni tí ń pa á. Ní Èjìgbò, wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ tó láti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ó lè ṣòro láti sọ èyí tí ó bu ọlá fún iṣẹ́ náà jù.

Ọ̀nà kejì tí kò ní ariwo wà. Ní ọdún 2020, àjọ̀dún LagosPhoto, tí Azu Nwagbogu dá sílẹ̀ ní 2010, ní kí àwọn ènìyàn lásán ya fọ́tò àwọn nǹkan tí wọ́n tọ́jú sí ilé wọn, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ fún àfihàn tí wọ́n pè ní Home Museum. Lójú irú ètò bẹ́ẹ̀, aṣọ ìyá, síbí àgbà, fọ́tò tí omi ti bà jẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ohun ìrántí. Ètò náà ń fi ọ̀rọ̀ sí ọwọ́ ẹni tí ó ni òkú dípò ayàwòrán. Ó bá òkú ọ̀fọ̀ mu jù, nítorí pé ènìyàn lè fi bàtà ọmọdé kan hàn láìsọ ibi tí ọmọ náà kú sí, láìdá ẹnikẹ́ni lóhùn nípa ohun tí ó lọ ṣe níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2020, ọ̀pá epo tún gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ilé àti ọkọ̀ jóná, ènìyàn mélòó kan kú, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò nílé lóru. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó dúró de ayafọ́tò ilé iṣẹ́ ìròyìn. Láti orí fóònù ni fídíò iná náà ti ń jáde, ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní 2006, a mọ orúkọ ẹni tí ó ya fọ́tò, a kò mọ orúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn fídíò ọdún 2020, kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì, ohùn nìkan ni ènìyàn ń gbọ́, tí ó ń pe ẹnì kan pé kí ó jáde.